Àgbọn Lórí Odi Yàkúbù

Owú tó le jù tí ọkọ mi jẹ láyé rẹ̀, kì í ṣe nítorí mi ló ṣe jẹ ẹ́. Nítorí odi amọ̀ kan ni. Ara mi sì ṣì ń dán nígbà náà o. Ẹni tó bá mọ Àbẹ̀kẹ́ ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní Ìkòsì láyé ìgbà yẹn á jẹ́rìí mi. Àwọn awakọ̀ tó ń já ata ní Mile 12 á máa fun fèrè mọ́tò sí mi, àwọn alábàárù á máa pọ́n mi lé, Ọláìyá ọkọ mi ò ní gbójú sókè. Ṣùgbọ́n kí ẹnìkan ṣèèṣì dárúkọ odi yẹn sí i létí, ẹnu rẹ̀ á korò títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ilẹ̀ tí mò ń wí wà nísàlẹ̀ Ìkòsì, lẹ́yìn ibi tí àwọn tírélà ti ń já àlùbọ́sà, níbi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ́ lọ sínú àbàtà. Ilẹ̀ bàbá ọkọ mi ni. Kí títì tó dé, kí ọjà tó dé, ìdílé wọn ti ń dẹ ìgèrè fún ẹja níbẹ̀. Nígbà tí mo fi dé ilé wọn, àwọn àjèjì ló ń fi ilẹ̀ náà dáko ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, gbúre, ewúro. Èmi náà ní ebè tèmi nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí ilẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ebè yẹn ló rán Káyọ̀dé àti Ìdùnnú lọ síléèwé, kì í ṣe àpò bàbá wọn.

Tẹ́lẹ̀, bí òjò bá rọ̀, ilẹ̀ òkè á mu tirẹ̀, àwa náà á mu tiwa. Nígbà tí àwọn olówó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹ́síteèti sórí òkè, tí wọ́n fi kankéré bo gbogbo àgbàlá, omi ò ríbi wọlẹ̀ mọ́. Orí wa ló ń dà sí. Òjò á ti dá, oòrùn á ti yọ, aṣọ tí a sá á ti máa gbẹ, ìgbà yẹn gan-an la máa gbọ́ ọ tí yóò máa bọ̀ láti òkè bíi màlúù tó já okùn. Kí o tó ní o fẹ́ gbé igbá, ó ti gbé ebè lọ. Lọ́dún kan, ó gbé àgùntàn Ìyá Olúwatósìn lọ. Okùn ọrùn rẹ̀ nìkan la rí, ó há sórí igi ewúro.

Ọdún àgùntàn yẹn ni Yàkúbù sọ̀rọ̀. Ará Ìsẹ́yìn ni, bíríkìlà ní Kétu. Nimat ìyàwó rẹ̀ ló ń ro ebè tó wà lápá ọ̀tún, tèmi wà lápá òsì. Ọkùnrin gíga, eléyín funfun, ó fẹ́ràn ariwo ara rẹ̀. Kí n má parọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ iṣẹ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ máa ń ṣáájú ọwọ́ rẹ̀ délé.

Abẹ́ igi fúrúùtù la jókòó sí lọ́jọ́ náà. Yàkúbù dìde.

"Ẹ jẹ́ ká sé omi yìí mọ́ àárín gegele méjèèjì tó wà lókè oko wa, lápá ọ̀tún àti lápá òsì," ó ní. "Ká fi amọ̀ mọ odi dí i lọ́nà. Tómi bá dé, kó kọ́kọ́ jókòó, kó mí, kó tó máa gba inú páìpù jáde ní sùúrù."

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Aṣọ òfì ni mo mọ̀ pé wọ́n ń hun n'Ísẹ́yìn. Ta ló kọ́ ẹ ní dáàmù?"

"Bàbá onílẹ̀, ilé amọ̀ ni bàbá mi ń mọ títí tó fi kú. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹja lẹ mọ̀. Ẹja kì í mọlé."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, ọkọ mi náà rẹ́rìn-ín. Ó wá nawọ́ sókè bí ọba: "Ẹ mọ ọ́n. Ilẹ̀ bàbá mi ni, mo yọ̀ǹda." Lójú tirẹ̀, odi ti di tirẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ yẹn. Kò sẹ́ni tó bá a jiyàn, torí kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun tó ń rò nìyẹn.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn la mọ odi náà. Àwọn ọkùnrin gbẹ́ kòtò ìpìlẹ̀ títí wọ́n fi kan ilẹ̀ líle. Wọ́n wó òkìtì ọ̀gán kan tó wà lẹ́yìn ọjà, wọ́n kó amọ̀ rẹ̀ wá. Godwin, aládùúgbò wa tó ń ṣiṣẹ́ páìpù, mú ọ̀kan ńlá wá, wọ́n tẹ́ ẹ sísàlẹ̀. Ìyókù, àwa obìnrin ló ṣe é. Wọ́n á da amọ̀ tútù sílẹ̀ ní ìpele tín-ín-rín, a ó ká aṣọ sókè, a ó tò ní ìlà, a ó máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ká tó fi ọmọ odó gún un. Èmi lápá òsì, Nimat lápá ọ̀tún. Orin wa ò gùn:

Tẹ̀ ẹ́ kó ki, tẹ̀ ẹ́ kó yi,
Omi tó bá dé, kó kí wa kó yà.

Bí a bá tẹ ìpele kan tán, Yàkúbù á bọ́ bàtà, á fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò níbí àti lọ́hùn-ún. Bí gìgísẹ̀ rẹ̀ bá rì, kò sí ẹ̀bẹ̀: "Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀." A ó bú u, a ó bú ẹni tó rán an wá sí Èkó, a ó tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí odi ga tó bó ṣe fẹ́, ó gbin koríko gbẹ̀gi sí gbogbo ara rẹ̀, ó ní ohun mìíràn ò gbọdọ̀ hù níbẹ̀.

Òjò dé. A dúró sórí gegele, à ń wò. Omi wá láti òkè pẹ̀lú ariwo rẹ̀, ó kan odi, ó pòyì, ó jókòó. Lápá kejì, ó ń gba ẹnu páìpù jáde jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tí wọ́n ti bá wí. Ewé kan ò já lára ẹ̀fọ́ mi. Inú Godwin dùn débi pé ó gbé Yàkúbù kọ́rùn: "Yàkúbù! Ọ̀gá dáàmù!" Ibẹ̀ ni orúkọ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọdún tó yípo, bí o bá gun ọ̀kadà láti Mile 12, "Odi Yàkúbù" ni wàá sọ kó tó mọ ibi tí yóò sọ̀ ẹ́ sí.

Ó dùn mọ́ Yàkúbù nínú jù. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á dé fìlà funfun, á lọ jókòó sórí odi náà pẹ̀lú orín lẹ́nu, á máa gba ìkíni bíi baálẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá dáàmù." "Ẹ kú iṣẹ́ omi o." Ọkọ mi á gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," bí wọ́n ṣe ń kí ẹnikẹ́ni tó ń lọ.

Ní ọjọ́ kan mo gbé oúnjẹ fún ọkọ mi. Ó jẹ, ó mi orí.

"Àbẹ̀kẹ́, ibo lo ti já ṣọkọ yìí? Ó dùn."

"Lẹ́bàá Odi Yàkúbù ni."

Òkèlè dúró lọ́wọ́ rẹ̀. "Odi ta ni?"

"Ẹ má bínú, Bàbá Káyọ̀dé. Gbogbo ayé ló ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Èmi ò fẹ́ gbogbo ayé níyàwó. Ìwọ ni mo fẹ́." Ó ju òkèlè padà sínú abọ́. "Ilẹ̀ ta ni?"

"Ilẹ̀ bàbá yín ni."

"Amọ̀ ta ni?"

"Amọ̀ bàbá yín ni."

"Kí wá ni Yàkúbù mú wá láti Ìsẹ́yìn?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. "Gìgísẹ̀," mo ní.

Ó fọwọ́, ó dìde. Mo gbọ́ ọ ní pálọ̀ tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé bí òun bá kú lọ́la, ọmọ Káyọ̀dé á wá sórí ilẹ̀ bàbá ńlá rẹ̀, orúkọ ará òkè ni wọ́n á fi júwe rẹ̀ fún un. Ohun tó ń jẹ ẹ́ nìyẹn. Ó fẹ́ kí odi náà jẹ́ orúkọ ìdílé wọn kó tó fojú sùn, kò sì mọ bí èèyàn ṣe ń gba orúkọ padà lẹ́nu ọlọ́kadà.

Ọ̀nà kan ṣoṣo tó mọ̀ ló gbà. Láàrin wa, ẹni tó fún ọ nílẹ̀ ẹ̀fọ́ kò fún ọ nílẹ̀ igi. Ẹ̀fọ́ ń bọ̀, ẹ̀fọ́ ń lọ. Igi ń dúró, ó sì ń jẹ́rìí. Àjèjì tó bá gbin igi sórí ilẹ̀ tí wọ́n fi dá a lọ́lá, ìjà ló gbìn. Èyí tó bá sì fa igi onílẹ̀ tu, kó yáa di ẹrù rẹ̀ kó máa lọ. Bí ilẹ̀ ṣe ń sọ ẹni tó ni ín nìyẹn, láìsí ìwé, láìsí ariwo. Ọkọ mi gbé ọmọ àgbọn dé láti Àgbádárìgì, ó mú ṣọ́bìrì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò lórí odi láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì.

Nimat sáré lọ pe ọkọ rẹ̀ níbi iṣẹ́. Yàkúbù dé pẹ̀lú sìmẹ́ńtì lápá.

"Bàbá onílẹ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, ẹ má gbẹ́ orí odi! Koríko nìkan ló ń fẹ́. Igi á ta gbòǹgbò wọnú rẹ̀, á là á. Omi ò sì fẹ́ ju ihò lọ."

Ọkọ mi ò gbójú sókè. "Igi ta ni?"

"Tiyín ni, sà."

"Ilẹ̀ ta ni?"

"Tiyín ni."

"Ó tán. Lọ jókòó síbi tí o máa ń jókòó sí, káwọn èrò rẹ wá kí ẹ."

Yàkúbù la ẹnu. "Ṣé torí pé mò ń jókòó ni? Ẹ wá jókòó, èmi á dìde fún yín!"

"Kí ìwọ dìde fún èmi? Lórí ilẹ̀ bàbá mi?"

Godwin tó wà nítòsí ní, "Bàbá, ẹ gbọ́ o, omi ò mọ láńlọ́ọ̀dù!"

"Godwin, páìpù lo mú wá. Dúró síbi páìpù."

Bí àgbọn ṣe dé orí odi nìyẹn. Gbogbo èèyàn rí i, gbogbo èèyàn mọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn án. Yàkúbù bọ́ fìlà funfun. Ó búra pé ẹsẹ̀ òun ò ní tẹ odi náà mọ́ àfi bí ẹni tó ni ín bá pe òun. Nimat sọ fún mi pé oorun ò kun ọkọ òun. Ó ní bí Yàkúbù bá rí imọ̀ àgbọn tó ń jù lórí odi, ó ń ṣe é bí ìgbà tí èèyàn bá bá fìlà ọkùnrin mìíràn ní yàrá ìyàwó rẹ̀. Owú tó jẹ́ ti ẹnìkan tẹ́lẹ̀ ti wá di ti ẹni méjì, wọ́n sì ń sìn ín bí ẹran ọ̀sìn.

Ọkọ mi ń bomi rin àgbọn rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ọkùnrin tí kò bu omi sí ebè mi rí! Ó sọ ibẹ̀ ní Odi Àgbọn. Ó sọ ọ́ ní mọ́ṣáláṣí, ó sọ ọ́ lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, orúkọ náà ò gbéra. Ní ọjọ́ kan, ó gun ọ̀kadà ní Mile 12, ó ní, "Gbé mi lọ sí Odi Àgbọn."

Ọlọ́kadà ní, "Ibo nìyẹn, Daddy?"

"Nísàlẹ̀ Ìkòsì."

"Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibo níbẹ̀?"

Ó yẹ kó sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó fẹsẹ̀ rìn délé nínú oòrùn, mo sì bá a fi omi gbígbóná jó orúnkún rẹ̀.

Àwọn òkété ló kọ́kọ́ mọyì àgbọn náà. Wọ́n fẹ́ràn kóró tó wà nídìí rẹ̀, wọ́n sì ń gbẹ́ ilẹ̀ lọ bá a. Ọkọ mi á rí ihò, á fi yanrìn dí i, á wò yíká bóyá ẹnìkan rí òun. Yàkúbù ń rí i. Á dúró lórí gegele, á ká ọwọ́ lẹ́yìn, á wò, á lọ.

Lọ́dún kan, òjò oṣù keje bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, kò dá. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi tó wà lẹ́yìn odi ti ga ju bí a ṣe rí i rí lọ. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ wo ebè mi. Mo gbójú sókè, mo rí ibi kan lára odi tó ń dán, lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbọn náà. Omi ń sun níbẹ̀. Mo fọwọ́ bu ú. Kò mọ́, ó pupa. Omi tó bá jáde tó mọ́, ó ń kọjá lọ ni. Èyí tó bá pupa, ó ń jẹ odi bọ̀.

Mo fi igbe ta. Ọkọ mi sáré dé, Nimat dé, Godwin dé, gbogbo àwọn tó nílé nísàlẹ̀ dé. Ọkọ mi wo ibẹ̀, ojú rẹ̀ funfun. Ó gun orí odi, ó di àgbọn náà mú lọ́rùn, ó fẹ́ fà á tu.

Nimat pariwo. "Bàbá, ẹ má fà á! Òun náà ló ń dí ihò náà báyìí! Ẹ fà á, gbogbo wa lọ!"

Ó jù ú sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. "Ẹ lọ pe Yàkúbù."

Kò sídìí fún àtipè é. Ó ti dé tipẹ́. Ó dúró lórí gegele lábẹ́ agbòòrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ ku díẹ̀ kó kan odi.

"Yàkúbù! Ṣé o ò rí i ni?"

"Mo rí i, Bàbá onílẹ̀."

"Kí lo wá ń dúró ṣe?"

"Mo ń dúró kẹ́ni tó ni ín pè mí. Mo búra." Omi òjò ń kán lórí imú rẹ̀. "Ẹ kàn sọ fún mi, sà. Odi ta ni kí n wá tún ṣe?"

Mo wo ọkọ mi. Ẹnu rẹ̀ là. Mo rí orúkọ náà tó dé ẹ̀yìn eyín rẹ̀, mo rí i tó gbé e mì. Yàkúbù náà ò mira. Godwin ń lu àtẹ́wọ́ bí ẹni tó ń lé adìyẹ: "Ẹ̀yin àgbà! Ẹ̀yin àgbà! Omi ń bọ̀ o!"

Ohun tó gbé mi dìde, mi ò mọ̀. Mo gun orí odi.

"Odi Àbẹ̀kẹ́ ni!" mo ní. "Ẹsẹ̀ mi ló tẹ̀ ẹ́! Ẹsẹ̀ mi àti ti Nimat! Èmi ni mo pè ẹ́, Yàkúbù. Wá tún un ṣe!"

Àwọn méjèèjì wò mí bí ẹni pé àpótí ìjókòó ló sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti gba ẹrù kúrò lórí wọn. Yàkúbù ju agbòòrùn nù, ó bọ́ bàtà, ó wá sórí odi, ó fi gìgísẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ó rì dé kókósẹ̀.

"Ẹ má fọwọ́ kan odi," ó ní. "Omi tó gbé ẹrù lé e ló yẹ ká dínkù. Ká gé èjìká gegele, níbi tí ilẹ̀ ti le, kí omi ríbi mìíràn gbà." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Bí omi bá gba ọ̀tún, orí ebè Nimat ni yóò gbà kọjá. Bó bá gba òsì, orí tèmi ni. Ó nà ró, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́. "Ọ̀tún la máa gé! Oko tèmi ni kó gbé lọ! Kí odi mi má ṣáà ti wó!"

"Yàkúbù!" àwọn èèyàn hó. "Ọ̀gá dáàmù!"

Ìgbà yẹn ni mo rí owú lójú ọkọ mi. Mo ti ń rí i tẹ́lẹ̀, àmọ́ kò dúró ní ìhòòhò báyẹn rí.

"Rárá o!" ó ní. "Irọ́ ni! Kí wọ́n lè máa sọ ọ́ títí ayé pé Yàkúbù fi oko rẹ̀ gba gbogbo wa là lórí ilẹ̀ bàbá mi? Òsì ni yóò gbà! Oko tèmi ni kó gbé lọ!"

"Oko ta ni?" mo ní.

Kò gbọ́ mi. Ó ti já ọkọ́ gbà lọ́wọ́ Godwin, ó ń sáré lọ sápá òsì.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́!" Yàkúbù ké. Ó gbé ọkọ́ tirẹ̀, ó kọrí sí ọ̀tún.

Ẹni tí kò bá rí i kò lè gbà á gbọ́. Àgbà méjì nínú òjò, ọ̀kan ní òsì, ọ̀kan ní ọ̀tún, wọ́n ń gbẹ́ ilẹ̀ bí ẹni ń wá ìṣúra. Tí ọkọ mi bá gbẹ́ díẹ̀, á nà ró wo ibi tí Yàkúbù dé. Tí Yàkúbù bá rí i pé ó ń wo òun, á túbọ̀ gbẹ́ ẹ. "Ṣé ó ti ń rẹ̀ yín ni, Bàbá onílẹ̀?" "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ ni yóò rẹ̀!" Àwọn èèyàn pín ara wọn sí méjì, wọ́n ń gbẹ́ tẹ̀ lé wọn, wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Omi rí òsì, ó gbà á. Ó rí ọ̀tún, ó gbà á. Ó gba ẹ̀gbẹ́ odi méjèèjì kọjá lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń fà sílẹ̀ lójú wa, títí ibi tó ń dán yẹn fi ṣú padà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo la gé, kò ní yá tó bẹ́ẹ̀. Odi á ti lọ, ilé á ti tẹ̀ lé e.

Nimat dúró ti mi. Ẹ̀fọ́ tirẹ̀ ń lọ lápá ibí, tèmi ń lọ lápá ọ̀hún, ó ń yípo lórí omi bíi gèlè tó já bọ́.

"Ìyá Káyọ̀dé," ó ní, "àwọn ọkọ wa mà ti gba ayé là."

"Wọ́n ti gbà á là," mo ní. "Ẹ̀fọ́ ta ni?"

A di ara wa mú, a rẹ́rìn-ín títí omijé fi dé.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló hú àwọn àgbọn náà, torí kò sẹ́lòmíràn tó lè hú wọn. Àwa obìnrin tún amọ̀ tẹ̀ sínú ihò wọn, Yàkúbù tún fi gìgísẹ̀ wò ó, a tún bú u. Àwọn ọmọ àdúgbò wá sọ ibi tí omi gbà lápá òsì ní Ojú Omi Ọláìyá, nítorí pé wọ́n rí i lójú ara wọn bó ṣe gé e. Lọ́jọ́ tí ọlọ́kadà kan dárúkọ rẹ̀ sí i létí, ọkọ mi wọlé, ó jẹun, ó tún béèrè ẹran. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, Yàkúbù ló wá ń ráhùn kiri Kétu: "Ojú omi, ojú omi! Ṣé ojú omi nìkan ló dá omi dúró ni? Odi ńkọ́?"

Odi ta ni, ojú omi ta ni. Orúkọ tí mo pè nínú òjò, kò sẹ́ni tó pè é lẹ́ẹ̀kejì.

Àwọn méjèèjì ti lọ báyìí. Wọ́n á ti máa du ibi ìjókòó lọ́run. Ìdùnnú mú mi wá sí ìlú òtútù yìí, níbi tí òjò ti ń rọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Nimat pè mí, ó ṣí fídíò kí n lè rí i. Orí odi ló dúró sí. Koríko gbẹ̀gi ti bò ó, àwọn obìnrin kan ń tẹ amọ̀ sí ibi tí ẹran ọ̀sìn ti jẹ lápá òsì. Mo gbọ́ orin náà. Wọ́n ti yí i padà díẹ̀.

"Ta lẹni tó síwájú yẹn?" mo ní.

"Ìyàwó Olúwatósìn ni, Ìyá mi. Òun ló ń tẹ apá òsì báyìí."

"Apá òsì? Ṣé ó mọ̀ ọ́n tẹ̀?"

"Ó ń gbìyànjú o."

"Ó ń fò ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́ jù. Sọ fún un kó má máa fò."

Nimat rẹ́rìn-ín. "Ẹ máa bọ̀ wá tẹ̀ ẹ́ nígbà náà."

Mo wo ọmọbìnrin náà, amọ̀ dé ojúgun rẹ̀, aṣọ rẹ̀ ká sókè, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rántí ọkọ mi tó bọ́ sílẹ̀ lórí ọ̀kadà, tó fẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, mo wá mọ bí ọ̀nà yẹn ṣe jìn tó.

Nígbà tí Nimat pa fóònù, mo dìde, mo bọ́ bàtà. Mo fi gìgísẹ̀ tẹ kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀ Ìdùnnú, lẹ́bàá fèrèsé. Ó rì. Mo sún síwájú, mo tẹ ibòmíràn. Ó rì.

Ìdùnnú yọjú láti kíṣìnì. "Mummy, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Ẹ tún un bẹ̀rẹ̀," mo ní.